Ìnṣọ́ránsì Ṣebótimọ, Ajá Ọdẹ

Leeds, Ìlú Ọba,
10 Oṣù Kìíní, 1972.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín lórí ìwé yìí, nítorí òtútù ibí kò jẹ́ kí ènìyàn nà sílẹ̀ lójúkojú. Ara mi le. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ara ẹ̀yin àti ti àbúrò mi Sàfíátù rí ní Ajégúnlẹ̀.

Ohun tó mú mi gbé gègé ní kánmọ́kánmọ́ ni ìgbéga pàtàkì kan tó dé bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà níbí, kò sì sí lẹ́tà yín kan tí ẹ kì í ti í bi mí pé, "Ìgbà wo lò ń bọ̀?" Bàbá, ọ̀nà ti fẹ́ là. Ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ti gbé mi kúrò ní ẹ̀ka ilé jíjó lọ sí Ẹ̀ka Ẹran Ọ̀sìn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹni tó bá ní ajá yóò máa san owó díẹ̀ fún wa lọ́dọọdún. Bí ajá náà bá ṣàìsàn, tàbí tó fara pa, tàbí tó kú, àwa ni a ó bá a gbé òfò náà. Àwọn ọlọ́lá ìlú yìí kì í fojú kan oorun bí wọn kò bá tíì ṣe é.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Hargreaves, ti ń ro ti ilẹ̀ Áfíríkà látọjọ́ pípẹ́. Ó ní bí òun bá rí oníbàárà kan péré ní Èkó, tí ọdún kan fi yí po tí kò wá gba owó òfò, òun yóò ṣí ẹ̀ka sí Apapa, níbi tí àwọn òyìnbó onílé ọlọ́gbà ti ń sin ajá. Èmi ni òun yóò sì fi ṣe alákòóso rẹ̀. Èmi, Mùnírù Àlàbí, alákòóso ní Apapa! Láti ọ́fíìsì mi dé ilé yín kò ní ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ.

Ta wá ni mo mọ̀ tó ní ajá ní Èkó bí kò ṣe ẹ̀yin? Sàfíátù kọ̀wé pé, pẹ̀lú bí ẹ ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tó, ẹ ṣì ń kó sínú igbó Kirikiri pẹ̀lú Ṣebótimọ, ẹ ń dẹ òyà. Owó ọdún àkọ́kọ́, èmi ni n ó san án. Ìdáhùn nìkan ni mo ń tọrọ: Ọmọ ọdún mélòó ni ajá náà? Ṣé eyín rẹ̀ pé? Ṣé ó ń wúkọ́? Níbo ló ń sùn? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu rẹ̀ dáadáa?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùnírù Àlàbí
(Ẹ̀ka Ẹran Ọ̀sìn)


Ajégúnlẹ̀, Apapa,
2 Oṣù Kejì, 1972.

Mùnírù ọmọ mi,

Wà álékùm sàlámù. Mo rí ìdọ̀bálẹ̀ rẹ lórí ìwé. Dìde, kí tàdáwà má baà yí ọ láṣọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Mo kọ́kọ́ kà á bíi bàbá, inú mi dùn. Mo tún kà á bíi tíṣà, mo sì fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí o ti gbé agbádá wọ̀ fún ọ̀rọ̀ tí bùbá ìbá tó.

Ohun tí ò ń pè ní ìdójútòfò yẹn, ìnṣọ́ránsì ni gbogbo Ajégúnlẹ̀ ń pè é. Àwọn awakọ̀ lọ́ọ̀rì ń rà á kí ọlọ́pàá má baà dá wọn dúró. Ti ajá ni a kò gbọ́ rí.

Jẹ́ kí n dáhùn. Ṣebótimọ ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọdún tí lánlọ́ọ̀dù wa gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé yìí, tó sì fi owó ilé wa ra rédíò gbàǹgbà tó ń ké láti ìdájí, ni mo sọ ajá náà lórúkọ. Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró sábẹ́ fèrèsé rẹ̀ tí mo máa ń pè é: "Ṣebótimọ! Ṣebótimọ o!" Lánlọ́ọ̀dù á sì ti fèrèsé pàà. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ajá mi ni mò ń pè.

Eyín rẹ̀ pé. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ṣòkòtò Tonbra, ará Ìjọ́ tó wà ní yàrá kejì sí tèmi, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé wa sọdá sí igbó Kirikiri. Ẹnu ọ̀nà mi ni ajá náà ń sùn, ó máa ń gbé orí lé bàtà mi. Ní ti oúnjẹ, ohun tí mo bá jẹ ló ń jẹ, ó sì máa ń jẹ ẹ́ ṣáájú mi nígbà míì.

Kì í wúkọ́. Èmi ni mò ń wúkọ́, láti ìgbà ọyẹ́. Eyín méjì ti kúrò lẹ́nu mi, oúnjẹ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa látìgbà tí ìyá yín ti kú. Ṣùgbọ́n mo wá ibi tí wọ́n ti bèèrè ìyẹn nínú lẹ́tà rẹ, n kò rí i. Bóyá ẹ̀ka mìíràn ló wà fún un.

Ó ku ìbéèrè kan tí ìwọ náà yóò bá mi bi ọ̀gá rẹ. O mọ̀ pé ajá ni àwọn awakọ̀ fi ń bọ Ògún lọ́dọọdún. Oyèníran, olórí àwọn awakọ̀ lọ́ọ̀rì ní Bóńdárì, ti ń wo ọrùn Ṣebótimọ tipẹ́. Bó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì yìí báyìí, ṣe ló sáré wọlé tọ̀ mí wá. Ó ní, "Tíṣà, nǹkan ti bọ́ sí i! Ẹ yọ̀ǹda ajá fún wa. Kí Ògún gba tirẹ̀, kí òyìnbó san tiyín. Ta ló pàdánù níbẹ̀?" Mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni ní ìṣirò, Mùnírù, n kò sì tètè rí ibi tí ìṣirò ọkùnrin náà ti wọ́. Bí Ògún bá gba ajá, ṣé ẹ ó san?

Ní ti èmi, bó bá jẹ́ pé ìrù ajá yìí ni ìwọ yóò dì mú wálé, mo ti gbà. Kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá rẹ,
Búràímọ̀ Àkànó


Leeds,
25 Oṣù Kejì, 1972.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àfaradà ọ̀gbẹlẹ̀. Ìdùnnú ṣubú layọ̀ ní ọ́fíìsì wa nígbà tí lẹ́tà yín dé. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Hargreaves láti òkè délẹ̀, àyàfi ibi ọ̀rọ̀ agbádá.

Ó bèèrè pé ta ni Ọ̀gbẹ́ni Ògún. Ṣé aládùúgbò ni? Ṣé ó ti jí ajá gbé rí, ṣé àwọn ọlọ́pàá sì mọ ilé rẹ̀? Mo ṣàlàyé títí, òógùn bò mí nínú òtútù. Nígbẹ̀yìn, ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé, "aládùúgbò alágbára kan tó fẹ́ràn ajá." Nítorí náà, bí Ògún bá gbà á, a kò ní san.

Àdéhùn rèé. Ajá náà kò gbọdọ̀ ṣọdẹ. Kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Kò gbọdọ̀ bá ẹranko kankan jà, ìbáà ṣe èkúté. Kó máa wà lórí okùn tọ̀sán-tòru. Kí ẹ sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Mo rán ọ̀gá létí pé ajá ọdẹ ni. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù nìyẹn gan-an.

Bàbá, títí di oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀ ni, torí láti oṣù kìíní yìí ni wọ́n ti ń ka ọdún náà. Bí ajá bá rú òfin kan péré, ọ̀rọ̀ Apapa ti parí, àti ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ mi. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín,
Mùnírù Àlàbí


Ajégúnlẹ̀,
20 Oṣù Kẹta, 1972.

Mùnírù,

Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé ni mo so ajá mọ́ òpó. Lánlọ́ọ̀dù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó ń wò mí bí ẹni wo sinimá. Ó ní, "Tíṣà, ó mà ti wá ṣe bó ti mọ báyìí o." Mo fa okùn náà kó le. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́fà tí òun fi orúkọ ajá náà dá mi lóhùn.

Fọ́tò náà wà nínú lẹ́tà yìí. Mo mú ajá lọ bá Linus onífọ́tò. Linus kọ̀ láti yà á nílẹ̀, ó ní ẹni tó bá ń lọ Ìlú Ọba kì í jókòó sílẹ̀. Ó gbé e sórí àga aláràn-án, ó fi òdòdó oníke sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí n dúró lẹ́yìn, kí n gbé ọwọ́ lé e léjìká. Bí wọ́n ti ń ya ọkọ àti ìyàwó ni ó yà wá. Wo fọ́tò náà dáadáa, ìwọ yóò rí i pé ojú mi ni ó jọ ti ìyàwó.

Ṣebótimọ ti yọ ikùn bí káńsílọ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń wá wo ajá tí òyìnbó ní kí a máa ṣọ́. Àwọn òyà Kirikiri náà sì ti gbọ́, nítorí wọ́n ti sọ oko ẹ̀gẹ́ Tonbra di ilé oúnjẹ. Ó wọlé tọ̀ mí wá lánàá, ó nàka sí ajá níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó ní, "Teacher, na dog be dis abi na new wife? Grass-cutter don chop my cassava finish, madam dey sleep!" Mo ní kó ṣe sùúrù di oṣù kìíní. Ó ní, "January? Na stone I go chop reach January?"

Ní ìdájí, àkókò tí a máa ń dìde lọ sí igbó, Ṣebótimọ á jí, á wò mí. Èmi náà á wò ó. Ó ṣe bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ okùn kan náà la so mọ́ àwa méjèèjì, tèmi ni kò hàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí pé láti ọ́fíìsì rẹ dé ilé mi kò ní ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ, mo máa ń tún okùn náà so, kó má baà tú.

Ìròyìn ìlú: ìjọba ní láti ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀, gbogbo ọkọ̀ yóò kúrò lápá òsì, apá ọ̀tún ni wọn yóò máa gbà. Rédíò lánlọ́ọ̀dù kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, Ṣebótimọ ló máa ń mú mi sọdá títì Apapa. Á dúró létí ọ̀nà, á tẹ́tí, á kọjá, èmi á tẹ̀ lé e. Á wá padà sílé. Nísinsìnyí, èmi nìkan ni mò ń dá a kọjá. Àgbà ń kọ́ ìrìn.

Bàbá rẹ


Leeds,
24 Oṣù Kẹrin, 1972.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ewu ọ̀nà tuntun. Fọ́tò ti dé! Ọ̀gbẹ́ni Hargreaves gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì. Ó ní ìjókòó ajá náà fi hàn pé láti ilé rere ló ti wá. Lẹ́yìn náà ló nàka, ó bèèrè pé ta ni ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn oníbàárà wa.

A ti fọwọ́ sí ìwé. Mo ti ń wo àwòrán ilé kan ní Apapa tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sómi. Báwo ni Ṣebótimọ? Ṣé okùn rẹ̀ nípọn tó? Ẹ tètè fèsì.

Mùnírù Àlàbí


Leeds,
22 Oṣù Karùn-ún, 1972.

Bàbá mi,

N kò gbúròó yín. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí lẹ́tà sùn mọ́jú láìfèsì! Ojoojúmọ́ ni ọ̀gá ń bi mí pé oníbàárà wa ń kọ́? Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ajá náà? Bó bá ṣàìsàn, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Bó bá ti já okùn ni, ẹ tún sọ fún mi. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá lórí ajá yìí.

Mùnírù


Ajégúnlẹ̀,
3 Oṣù Kẹfà, 1972.

Bùrọ̀dá Mùnírù,

Ẹ kú iṣẹ́ ajá. Èmi Sàfíátù ni. Bàbá ní n kò gbọdọ̀ kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà ẹ má fèsì rẹ̀ sílé. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní ìsọ̀ mi.

Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ọ̀nà yí padà, Bàbá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ajá wà lórí okùn. Bàbá dé etí títì Apapa, wọ́n wo ọ̀tún bí wọ́n ti máa ń wò ó láti ìgbà èwe wọn, wọ́n rí i pé ó mọ́, wọ́n gbé ẹsẹ̀. Apá òsì ni lọ́ọ̀rì ti yọ. Awakọ̀ náà tẹ bíréèkì títí táyà fi ké, ṣùgbọ́n ẹnu lọ́ọ̀rì kàn wọ́n, ẹsẹ̀ wọn sì ṣẹ́. Oyèníran tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ló gbé wọn sínú ọkọ̀ tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní Ijora Badia.

Gbogbo wa gbàgbé ajá. Nígbà tí mo délé, okùn já sílẹ̀, ajá kò sí. Mo ní ó tán, Ògún ti gbà á. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo gbé ẹ̀kọ dé Badia, ó wà níbẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Bàbá, ó gbé orí lé bàtà kan tó kù. Ẹnikẹ́ni kò mú un wá. Ó gba títì kọjá, ó gba ojú irin kọjá, tòun ti ikùn rẹ̀ yẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá kọ́kọ́ sọ: "Sàfíátù, mú ajá yìí padà lọ so kí ẹnì kan tó rí i. Ọ́fíìsì Mùnírù ni o." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹsẹ̀ wọn ti wà nínú pákó. Mo fẹ́ mú un, bàbá eegun ló kọ̀. Ó ní oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu aláìsàn òun bí ajá kò bá sí níbẹ̀.

Lẹ́tà yín méjèèjì dé. Mo kà wọ́n sí Bàbá létí. Mo wá ibi tí ẹ ti bèèrè àlàáfíà Bàbá, mo yí ìwé síwá, mo yí i sẹ́yìn. Nígbà tí mo parí, Bàbá kọjú sí ògiri. Wọ́n wá ní, "Kọ̀wé sí i pé ajá wà dáadáa."

Mo ti kọ ọ́. Ajá wà dáadáa.

Àbúrò yín,
Sàfíátù


Leeds,
16 Oṣù Kẹfà, 1972.

Bàbá mi,

Sàfíátù kọ̀wé sí mi. Ẹ má bá a wí. Ẹ forí jì mí.

Mo wọlé tọ Ọ̀gbẹ́ni Hargreaves lọ, mo sọ fún un pé oníbàárà wa ti já okùn. Ó yọ ìwé àdéhùn jáde. Ó bi mí pé kí ni ajá náà wá lọ? Ṣé ọdẹ ni? Mo ní rárá. Ṣé abo ló ń wá? Mo ní rárá. Ṣé ìjà ni? Mo ní, "Bàbá mi ló wá lọ." Ó yẹ ìwé náà wò sókè sódò, ó ní kò sí ibi tí a ti pèsè fún wíwá bàbá. Ó ronú títí, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ọdẹ. Àdéhùn bàjẹ́. Apapa parí.

Bí mo ti fẹ́ jáde, mo yíjú padà. Mo ní, "Ọ̀gá, ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn nínú fọ́tò yẹn, òun ni bàbá mi." Mo já fọ́tò náà kúrò lára ògiri, mo sì mú un lọ.

Mo ti sanwó ọkọ̀ ojú omi. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ni yóò gúnlẹ̀ sí èbúté Apapa. N kò ní ọ́fíìsì kankan tí mò ń bọ̀ wá jókòó sí. Mo kàn ń bọ̀ ni.

Bàbá, ṣé ẹ ṣì ń wúkọ́? Níbo lẹ ń sùn? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu yín dáadáa?

Mùnírù


Ajégúnlẹ̀,
5 Oṣù Keje, 1972.

Mùnírù Àlàbí, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ yìí ni àkọ́kọ́ tí n kò fa ìlà pupa sí.

Ikọ́ ti lọ, mo sì ti padà sílé láti Badia. Ẹnu ọ̀nà ni mò ń sùn báyìí, nítorí n kò tíì lè gun àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣebótimọ ló wọlé lọ gba ibùsùn mi. Oúnjẹ ń lọ. Òyà ni mò ń jẹ.

Ìwọ náà mọ àṣà ọdẹ, bí a bá pẹran, ajá ní ìpín tirẹ̀, olówó rẹ̀ ló sì ń bá a gbà á. Láti ọjọ́ tí a ti kúrò lórí okùn ni Tonbra ti ń mú Ṣebótimọ lọ sí igbó, ó ń gbẹ̀san ẹ̀gẹ́. Púpọ̀ nínú ìpín ajá náà ni mo fi san owó bàbá eegun, a kò sì jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Ajá tí ìwọ fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì fún ló wá dúró fún ìnṣọ́ránsì mi. Má sọ ọ́ fún Hargreaves o, kó má lọ gbà á síṣẹ́.

O kò bi mí, ṣùgbọ́n mo ti rò ó, bí ẹsẹ̀ ti so mí mọ́lẹ̀ yìí. Ajá tó ń sùn lórí tìmùtìmù, ìnṣọ́ránsì lè yẹ ẹ́. Ajá ọdẹ ní tirẹ̀, ohun tó lè pa á náà ló mú un wà láàyè. Ẹni tó bá bá a mú ọ̀kan kúrò ti mú méjèèjì. Ó sì jọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá àgbàlagbà.

Mo ti tún ń pe ajá mi lábẹ́ fèrèsé lánlọ́ọ̀dù láràárọ̀. Láti orí àga ni, ṣùgbọ́n ohùn mi ṣì ń dé òkè.

Oyèníran ní òun yóò fi lọ́ọ̀rì gbé wa wá pàdé rẹ ní èbúté. Bó ti ń sọ ọ́ ló tún ń wo ọrùn ajá, ṣùgbọ́n èmi ni n ó jókòó sáàárín wọn.

Bí o bá sọ̀ kalẹ̀, má sáré sọdá títì nítorí ayọ̀. Ìlú ti yí padà lẹ́yìn rẹ. Apá òsì ni kí o kọ́kọ́ wò. Bí kò bá sì dá ọ lójú, dúró sójú kan. Ajá kan yóò wá bá ọ, ó ti sanra díẹ̀. Bó bá ti kọjá, kí o tẹ̀ lé e.

Èmi ni bàbá rẹ,
ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn oníbàárà yín,
Búràímọ̀ Àkànó